Mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí Ludlow fún ọjọ́ mẹ́ta: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham béèrè pé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Màmá mi yóò dé láti Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, wọn yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ mi. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n. Ara wọn le, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún máa ń dùn wọ́n, wọn kò sì lè rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí wọ́n tó wá ibi jókòó sí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá, London nìkan ni mo fi hàn wọ́n, àárín èrò ni a sì wà títí wọ́n fi padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn fẹ́ rí ibi tí òyìnbó ti ń dáko, tí wọ́n ti ń sin àgùntàn, ìlú kékeré tí àgbàlagbà ti lè jókòó síta kí ó máa wo àwọn tó ń kọjá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí ó dún bí ẹni pé wọ́n ti ń rò ó láti ìgbà yẹn, wọn kò kàn fẹ́ dà mí láàmú ni.

Mo ti wo àwòrán ilẹ̀, ọkàn mi sì fà sí Ludlow, ní Shropshire, nítòsí ààlà Wales. N kò ní mọ́tò, ọkọ̀ ojú irin sì dé inú ìlú náà. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni àyè tí mo ní lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ọ̀nà rẹ̀ kò jìn jù fún ẹni tó ní orúnkún bẹ́ẹ̀? Ṣé ìlú náà kò ní òkè púpọ̀? Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n san owó bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò yí Cotswolds, agbègbè oko àti ìlú kékeré kan ní England, ká láàárín ọjọ́ kan, pé ìyẹn ló rọrùn jù. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Hereford dáhùn pé:

Àbúrò, ẹ kú ètò màmá wa. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Hereford, ìdajì wákàtí péré ni ọkọ̀ ojú irin fi ń ti ọ̀dọ̀ wa dé Ludlow, nítorí náà mo mọ ìlú náà tinú-tẹ̀yìn. Ẹ máa lọ. Yóò bá màmá lára mu, bí ẹ bá ti lè gbà láti ilé pé ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹ óò rí.

Orí òkè ni wọ́n tẹ Ludlow dó sí, odò Teme sì yí ẹsẹ̀ òkè náà ká. Orí òkè gan-an tẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ilé olódi, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì St Laurence wà, tí wọn kò jìnnà síra wọn rárá. Ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Broad Street, òpópónà tí gbogbo ayé ń yìn nítorí ẹwà àwọn ilé rẹ̀, lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé Broad Gate, ẹnubodè kan ṣoṣo tó ṣì dúró nínú àwọn ẹnubodè odi àtijọ́, kí ó tó dé afárá Ludford. Sísọ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n gígun un padà ni yóò bá orúnkún màmá jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó láti òkè, ní ẹ̀gbẹ́ Buttercross, ilé ọjà àtijọ́ tó wà lórí òpópónà náà, kí ẹ sì yí padà.

Ibùdókọ̀ ojú irin wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò rìn ín dé àárín ìlú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n òkè ni yóò máa gùn lọ. Ẹ pe takisí sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní London, nítorí kì í ṣe ìlú tí takisí ti ń tò de èrò. Bí ẹ bá sì ń wá ibi tí ẹ óò sùn, kí ẹ tó wo iye owó rẹ̀ ni kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ní yàrá nísàlẹ̀. Nǹkan bí ilé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) ni ìjọba dáàbò bò ní ìlú náà nítorí ọjọ́ orí àti ẹwà wọn. Èyí dára lójú, ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn wọn a sì máa dúró ṣánṣán bí àkàbà. Mo ti mú àlejò kan lọ rí tí a fún ní yàrá lábẹ́ òrùlé. Orí àtẹ̀gùn ni ó sọkún sí, inú mi kò sì dùn sí ara mi títí di òní pé n kò béèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Reading dáhùn pé:

Ẹ má bínú, mo ní èrò mìíràn. Bọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ kan kọ́ ni mo ń sọ, nítorí mo fi mú bàbá mi lọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìlú mẹ́rin ni a dé, a kò sì jókòó ní ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni Moreton-in-Marsh. Cotswolds náà ni, láti Paddington, ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ni ẹ óò wọ̀, kò sì ju nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ lọ. Òpópónà ńlá ibẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́jú, àgùntàn wà nínú pápá láyìíká ìlú náà. Lójú tèmi, orúnkún ni ó yẹ kó yan ìlú, kì í ṣe ọkàn.

Òṣìṣẹ́ Rélùwéè dáhùn pé:

Èmi yóò sọ ti ọ̀nà nìkan. Láti London sí Ludlow, ẹ lè gba Euston kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Crewe, tàbí kí ẹ gba Paddington kí ẹ pààrọ̀ ní Newport. Ẹ fojú sí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ètò tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé ó yá jù, nítorí ó lè fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré láti pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ wá èyí tó fún yín ní ìdajì wákàtí.

Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, owó rẹ̀ yóò dín gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹ yàn nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́ tó sì jẹ́ kí ẹ pàdánù èkejì, ẹ̀bi yín kọ́ nìyẹn, wọn yóò jẹ́ kí ẹ wọ èyí tó tẹ̀lé e. Káàdì ẹ̀dínwó kan wà tí wọ́n ń pè ní Two Together. Orúkọ ẹni méjì ni ó máa ń wà lórí rẹ̀, ó sì ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó àwọn méjèèjì, bí wọ́n bá ti jọ ń lọ. Òun ló dára fún yín ju káàdì àgbàlagbà lọ, nítorí ti màmá nìkan ni ìyẹn yóò dín. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, kò ṣiṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ òwúrọ̀ tó lù, nítorí náà ẹ má ṣe jí kùtùkùtù ní ọjọ́ Ẹtì yẹn.

Ohun kejì, ẹ béèrè fún Passenger Assist. Ọ̀fẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ kan yóò gbé àga oníkẹ̀kẹ́ dúró de màmá, yóò sì gbé wọn dé ẹnu ọkọ̀ kejì. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ gbà, wọ́n rò pé ti aláìlera ni. Ẹ sọ fún wọn pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ti san án. Ní ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, ẹ yẹ ètò ìpadàbọ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Moreton-in-Marsh mú mi ronú, n kò fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n fi kún un pé ọgbọ̀n ọdún ni màmá mi fi ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ọ̀rọ̀ aṣọ ló sì máa ń mú wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n tún jẹ́ ọmọ Ìjọ Áńgílíkà tọkàntọkàn. Ilé ìsìn ti Aké ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti sìnkú bàbá mi. Ṣé Ludlow ní ohun kan tó kan èyíkéyìí nínú méjèèjì?

Bàbá Ìbejì ní Shrewsbury dáhùn pé:

Méjèèjì ló kàn, ọmọ mi, ó sì kàn wọ́n gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Irun àgùntàn ló sọ Ludlow di ìlú ọlọ́rọ̀ láyé àtijọ́. Oníṣòwò irun àgùntàn kan tí wọ́n ń pè ní Laurence ti Ludlow lówó tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi ra ilẹ̀ Stokesay ní ọdún 1281, ó sì kọ́ ilé ńlá kan síbẹ̀ tó dúró títí di òní pẹ̀lú òrùlé pákó gbọ̀ngàn rẹ̀. Inú omi ni ó kú sí ní ọdún 1294, nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó irun àgùntàn lọ sí òkè òkun rì. Bí ẹ bá sọ ìtàn yìí fún ẹni tó ti ta àdìrẹ fún ọgbọ̀n ọdún, tó mọ ohun tí àjò ọjà jẹ́, wọn yóò wo ògiri ilé náà pẹ̀lú ojú mìíràn. Stokesay kò jìnnà sí Craven Arms, ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé Ludlow ní ìhà àríwá. Ẹ wọ takisí láti Ludlow lọ tààrà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà lọ láti Craven Arms gùn fún màmá.

Ti ìjọ ni ó wú mi lórí jù. Nínú ilé olódi Ludlow ni Arthur, àkọ́bí Ọba Henry Keje, kú sí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1502. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tó gbé Catherine, ọmọ ọba Sípéènì, níyàwó. Àbúrò rẹ̀ ló jọba dípò rẹ̀, òun náà ni Henry Kẹjọ, ó sì ṣú Catherine lópó. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí màmá kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú. Nígbà tí ọba fẹ́ kọ Catherine sílẹ̀ nítorí ọmọkùnrin, ohun tó gbé kalẹ̀ ni pé kò yẹ kí òun ti ṣú ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun lópó rárá. Póòpù kò gbà, ọba sì ya ìjọ England kúrò lábẹ́ Róòmù. Ọdún 1534 ni òfin sọ ọ́ di olórí ìjọ náà. Bí Arthur kò bá kú ní Ludlow, ta ni ó mọ irú ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì ìbá gbé wá sí Abẹ́òkúta? Mo sọ èyí tọkàntọkàn. Ẹ jókòó pẹ̀lú màmá lórí koríko inú ilé olódi yẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn ní èdè wa. Ilé ìsìn kékeré kan wà nínú àgbàlá náà tó rí roboto, àwọn ará Normandy ló kọ́ ọ, òrùlé rẹ̀ ti wó ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́wà. Ẹ má gun ilé ìṣọ́, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, ó sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Hereford:

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti opó yẹn. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ọjà níwájú ilé olódi, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ yàn bọ́ sí i. Wọn kì í ná ọjà níbẹ̀, ẹ tètè sọ fún màmá. Ẹ kúrò lójú ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, ìsinmi ìjọba ni, yàrá a sì máa wọ́n. Ilé oúnjẹ kì í pẹ́ kí wọ́n tó pa iná lálẹ́, ẹ jẹun kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ mú ata gígún dání, kí ẹ sì mú kóòtù, nítorí òtútù ìrọ̀lẹ́ oṣù Karùn-ún lè mú orúnkún. Ní ti àwọn ènìyàn, aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ níbẹ̀, wọn yóò wò yín. Lójú tèmi, ìwò àlejò ni ó sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á kí yín lójú pópó, ẹ dá wọn lóhùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:

Mo ti pinnu. Ludlow ni a ń lọ, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó dé lọ́sàn-án, a ó sì jókòó sí ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé olódi, lọ́sàn-án, Stokesay. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìsìn ní St Laurence, lẹ́yìn náà a ó wọ ọkọ̀ padà sílé. Bàbá Ìbejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí màmá lórí fóònù lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì béèrè pé kí ni Catherine fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n ṣú u lópó. N kò rí èsì fún wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Hereford:

Ètò náà dára, àfi ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilé ńlá méjì lọ́jọ́ kan ti pọ̀ jù fún orúnkún yẹn. Ẹ lọ sí Stokesay láàárọ̀, kí màmá sùn lọ́sàn-án, kí takisí sì gbé yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò ní Dinham lójú ìrọ̀lẹ́, níbi tí ẹ ti lè jókòó, kí ẹ máa gbọ́ bí omi ṣe ń já, kí ẹ sì máa wo ilé olódi lókè. Inú rẹ̀ gan-an, ẹ lè wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ọjà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ọjà ni. Bí wọn kò bá fi mí síṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, èmi náà yóò wá láti Hereford, n óò sì gbé mọ́ínmọ́ín dání. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá kí n fi ẹja sí i.