Kí ló kan oògùn agbára ọkùnrin nínú àyà tó ń dun bàbá mi?

Àbẹ̀kẹ́ Mushin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti fẹ́ da ilé wa rú, ẹ bá mi dá sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, wọ́n bá di àyà mú. Wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnì kan gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé àwọn láyà, ó sì ń fa àwọn dé apá òsì àti àgbọ̀n. Òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Àbúrò mi pe 767, áńbúláǹsì sì tètè dé torí pé kò sí gósíló lóru.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà lẹ wáyà mọ́ bàbá láyà, ó wo ìwé tó jáde látinú ẹ̀rọ, ó fún wọn ní aspirin, ó ní kí wọ́n rún un lẹ́nu bí ẹni rún ẹ̀pà. Ó wá yọ ìgò kékeré kan, ó ní abẹ́ ahọ́n ni òun máa fọ́n ọn sí. Kó tó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàbá létí, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́: “Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ lo oògùn agbára ọkùnrin kankan láti àná?”

Lójú ìyá mi! Lójú èmi ọmọ wọn! Bàbá dákẹ́. Ó tún bi wọ́n. Ìgbà tó ṣe, bàbá fi imú sọ ọ́ pé àwọn mu ife àgbo kan ní gáréèjì nírọ̀lẹ́. Ife kan péré. Bó ṣe gbọ́ báyìí, ó dá ìgò rẹ̀ padà sínú àpò. A ní kó fún wọn ní ọ́síjìn nígbà náà, ó ní wọn ò nílò rẹ̀. Ọ́síjìn yẹn sì wà nínú ọkọ̀ o, mo fojú mi rí i.

Bàbá ṣì wà lọ́sibítù, ara wọn ń yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ àǹtí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní wọ́n tàbùkù bàbá, wọ́n fi ìbéèrèkíbéèrè fi àkókò ṣòfò, wọ́n sì gbé oògùn pamọ́ fún ẹni tó ń kú lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá ní ọgbẹ́ inú, wọ́n ti kìlọ̀ aspirin fún wọn tipẹ́. Ìyá mi ní tiwọn ò tíì bá bàbá sọ̀rọ̀ gidi, ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ṣé ká fẹjọ́ sùn ni àbí ká gbé e jù sílẹ̀?

Màmá Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Àbẹ̀kẹ́, o kú ìtọ́jú aláìsàn, o sì kú ewu. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí, àmọ́ etí mi ò tíì di. Ìbéèrè tí ẹ ń bínú sí yẹn ni kò jẹ́ kí á máa kí yín kú ará-fẹ́ra-kù. Ọmọ Siren wà nínú ẹgbẹ́ yìí, inú áńbúláǹsì ló ń jẹun. Ọmọ Siren, bọ́ síta.

Ọmọ Siren

Màmá, mo wà ńbí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ fojú fo àṣìkọ mi.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí aspirin. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀. Àwọn nǹkan wínníwínní kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n rọ́ dí ojú ọgbẹ́. Tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn ló ń gbà wá. Àmọ́ tí ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ara iṣan bá sán, wọ́n á ṣèèṣì kà á sí ọgbẹ́. Wọ́n á rọ́ débẹ̀, wọ́n á sì máa pe ara wọn, gẹ́gẹ́ bí èrò ṣe ń rọ́ mọ́ ẹnu dáńfó kan ṣoṣo ní Òṣòdì nírọ̀lẹ́. Aspirin ò lè lé àwọn tó ti dí ẹnu ọ̀nà kúrò o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn tó ń pe èrò lẹ́nu mọ́, kí ohun tó dí ọ̀nà náà má baà nípọn sí i. 300 mg la máa ń fún àgbàlagbà. Tí wọ́n bá rún un, ó tètè wọnú ẹ̀jẹ̀ ju kí wọ́n gbé e mì lọ.

Ti ọgbẹ́ inú: ẹ rántí dáadáa, ṣé kò bi bàbá bóyá wọ́n ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí bóyá ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà? Tí ọgbẹ́ náà ò bá ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, àtiyọ ọkàn lẹ́nu ikú ló ṣáájú.

Ó wá kan ìgò. Glyceryl trinitrate ló wà níbẹ̀, GTN la ń pè é. Nitroglycerin ni, òun náà gan-an ni Alfred Nobel fi ṣe dynamite, ohun abúgbàmù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, ní 1867. Nígbà tí ọkàn Nobel fúnra rẹ̀ wá ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ogbó, òun náà ni dókítà tún kọ fún un, ẹ ò rí ayé! Nínú ara kì í bú gbàmù. Ṣe ló ń mú kí iṣan dẹ̀, kí ẹrù tí ọkàn ń tì fúyẹ́, kí àyà sì rọlẹ̀.

Ibi tí oògùn agbára ọkùnrin ti wọ̀ ọ́ nìyí. Sildenafil, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Viagra, iṣan lòun náà ń mú dẹ̀. Ara ní ohun kan tó fi ń pàṣẹ fún iṣan pé kó sinmi. GTN ń rọ́ ohun yẹn wọlé, sildenafil ò sì jẹ́ kó jáde. Ẹ ṣí omi sínú garawa tí omi ò lè gbà jáde, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ padà wá wo ilẹ̀. Gbogbo iṣan á tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn tó ti ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri tẹ́lẹ̀ á wá pàdánù ìwọ̀nba tó ń rí. Ẹni tó bá lo sildenafil gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24 kí GTN tó kàn án. Tó bá jẹ́ tadalafil, oògùn agbára ọkùnrin mìíràn, ni, wákàtí 48.

Kí àǹtí yín má sì sọ pé àgbo lásán ni tinú ife yẹn. Àìmọye irú wọn tí wọ́n pè ní ewé àti egbò ni wọ́n ti yẹ̀ wò káàkiri ayé tí wọ́n bá sildenafil nínú rẹ̀.

Ọ́síjìn: ṣé ẹ rí nǹkan kékeré tí wọ́n fi há bàbá níka? Òun ló ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Tó bá ti ka 94 sókè, èyí tí a bá fi kún un ò wúlò fún àyà tó ń dunni, ó tiẹ̀ lè mú kí iṣan ọkàn fún mọ́ra. Mo mọ̀ pé tí a ò bá fi nǹkan bo imú, ẹbí á ní a ò ṣiṣẹ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbè yín. Èmi ì bá kọ́kọ́ ní kí ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ irú ilé oníyàrá-kan tí mo rò ni, gbogbo alájọgbélé á ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fọ́fọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Mushin

Ẹnu ọ̀nà gan-an ni wọ́n dúró sí, ìyẹn Ìyá Risi sì gbé ìjókòó wá!

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó bi wọ́n ní ti ìgbẹ́ dúdú lóòótọ́, ìbínú ò jẹ́ kí n rántí. Ẹ̀rọ ìka ka 97.

Kẹ́kẹ́ Ojúẹlẹ́gba

Ẹ ṣé o, Ọ̀gá Siren. Èmi náà ti rí ti yín rí. Èrò kan sùn lọ sínú kẹ́kẹ́ mi nítòsí Tẹ́júoṣó. Mo pè é títí, itọ́ ló ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ó ti mutí yó, ẹnì kan ti ṣí mínírà, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu. Ìgbà tí áńbúláǹsì dé, wọ́n gún un níka, ẹ̀jẹ̀ kán sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n ní ṣúgà ẹ̀ ti fẹ́ tán. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i nínú iṣan. Ẹ gbà mí gbọ́, kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin yìí fi la ojú, tó ní ta ló gbé báàgì òun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mínírà yẹn ò ní ṣe iṣẹ́ kan náà.

Màmá Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Tí ojú rẹ̀ bá là tó sì lè gbé nǹkan mì, mínírà á ṣe é dáadáa, tí kì í bá ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ẹ̀dọ̀fóró ni mínírà yẹn máa gbà lọ. Ọpọlọ ò ní ohun mìíràn tó ń jẹ tó ṣúgà, òun ló ṣe tètè kú, òun náà ló ṣe tètè jí.

Alágbàtà Ìdúmọ̀tà

Ẹ má fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo ní abẹ́rẹ́ adrenaline lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Òògùn tí ń jí òkú nìyẹn. Ẹ rà á sílé, kí ẹ yé dúró de áńbúláǹsì.

Oníkẹ́míìsì Yábàá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Mi ò fẹ́ bá yín jà níta, àmọ́ ẹ̀yin lẹ gbé e wá síta.

Ìgò adrenaline kékeré kan, 1 mg ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí edé tàbí oyin ta kò, tí ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀fun ń pa dé, ìdajì rẹ̀, 0.5 mg, ni wọ́n ń gún un ní ẹ̀gbẹ́ itan, nínú ẹran. Á fún iṣan tó ti tú mọ́ra, á ṣí ọ̀nà èémí, á sì ta ọkàn jí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró pátápátá, 1 mg odidi ni wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra, tí ẹlòmíì ń tẹ àyà rẹ̀ láìdúró. Oògùn kan náà ni. Ẹ gbé ìwọ̀n ti ẹni tó ti kú fún ẹni tó ń mí, kí ó sì bọ́ sínú iṣan, ẹ lè pa á nìyẹn. Tí ẹ bá wá gún bàbá Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹṣin tó ti dákú sábẹ́ ẹrù lẹ ń na ní pàṣán.

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru sì ń ba á jẹ́. Tí omi inú rẹ̀ bá ti pọ́n bíi tíì, omi lásán lẹ ń tà. Ibo lẹ ń kó tiyín sí?

Alágbàtà Ìdúmọ̀tà

Wíńdò ni ó wà. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Ìyá Wálé Ṣómólú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí kún un. Nígbà tí gìrì mú Wálé, ìdí ni wọ́n gba fi oògùn sí i, mo sì ti ń ṣe kàyéfì láti ìgbà náà. Ìyá ọkọ mi ní àgbo ìtọ̀ màlúù ì bá ti ṣe é tipẹ́.

Ọmọ Siren

Diazepam ni, Ìyá Wálé. Ọmọ tó ń jà pìtìpìtì, ta ló fẹ́ rí iṣan lápá rẹ̀? Ìdí ní iṣan ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lára, oògùn máa ń yára gbà á dé ọpọlọ, á sì pàrọwà fún un. Àwọn mìíràn máa ń lo midazolam, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀. Tí gìrì bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ó máa ń ṣòro kó fúnra rẹ̀ lọ, ìgbà yẹn la ń lò ó. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Màmá Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Kí ẹ sì bá mi bẹ ìyá ọkọ yín. Ìtọ̀ màlúù yẹn máa ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ ni, àìtó ṣúgà sì ń fa gìrì. Mo ti gbé irú wọn láti ọwọ́ ìyá wọn rí, mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́, wá páálí kan, kọ gbogbo ohun tí bàbá ń lò sí i, oògùn àti àgbo, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Áńbúláǹsì tó bá tún wá ò ní máa bi wọ́n lójú èrò mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Mushin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá létí lọ́sibítù, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyà ò jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Àǹtí Ìsàlẹ̀ Èkó náà ti dákẹ́. A ò fẹjọ́ sùn mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ páálí, mo wá bi ìyá mi bóyá kí n fi ife gáréèjì yẹn sí i. Wọ́n ní kí n fi sí i. Wọ́n ní ìbéèrè kan ló kù tí obìnrin áńbúláǹsì yẹn ò bi bàbá: nítorí ta ni wọ́n ṣe mu ún.

Màmá Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Ìyẹn ò sí nínú àpò oògùn wa o.