Ẹsẹ̀ mi ń wú, n kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn: ṣé kí n ṣì máa mu kunun kanwa?

Ìyá Ìkókó, Zaria:
Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ṣùgbọ́n Zaria ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi wá, ibẹ̀ ni mo sì bí ọmọ wa kejì sí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni Hájíà kan ní àdúgbò wa, tí ó fẹ́ràn mi bí ọmọ inú rẹ̀, ti ń gbé kunun kanwa, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń fi káún sè, wá fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́ kí omi ọyàn lè pọ̀, ó sì ń fi omi gbígbóná wẹ̀ mí. Omi ọyàn pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Bí mo bá fi ìka tẹ ojúgun mi, ojú ibẹ̀ a jìn wọnú, kì í sì í tètè padà. Lánàá, ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo tò sẹ́yìn kí n tó lè mí dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ mi ru ní oṣù kẹjọ oyún, wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bímọ, kò sí ẹni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Hájíà ní omi oyún ló kù lára mi. Kí ni kí n máa jẹ, kí ni kí n sì fi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Ìbàdàn:
Ìyá Ìkókó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ bímọ fún wọn, ẹ sọ̀rọ̀ ìrọ̀rí mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo. Àìsàn kan wà, peripartum cardiomyopathy, tí ó máa ń sọ iṣan ọkàn ìyá di aláìlágbára láti oṣù tó kẹ́yìn nínú oyún títí di nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, tí ọkàn kò fi ní lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ti yẹ, tí omi á wá máa jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Àríwá Nàìjíríà wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, àwọn dókítà Zaria sì ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Kanwa, ìyẹn káún wa, àti ìwẹ̀ gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé káún kún fún sodium, èròjà kan náà tó wà nínú iyọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kano lẹ́yìn náà rí i pé selenium, èròjà kan tí ara nílò díẹ̀ láti inú oúnjẹ, kò tó lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in, kò sì di ẹ̀bi náà ru káún. N kò ní sọ pé kunun ló fà á fún yín. Ṣùgbọ́n ara tí omi ti kún kò yẹ kó tún máa gba sodium láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì o. Ọjọ́ keje tí mo bí àwọn ìbejì ni ẹ̀jẹ̀ mi wọ 160/100, èmi sì rò pé àìsùn ló ń fọ́ mi lórí. Láti ìgbà náà, ṣíbí ìmutíì kan ni iyọ̀ tí mo ń lò lóòjọ́ kò gbọdọ̀ kọjá, màgí sì ti kúrò nílé mi. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ewédú pàápàá, n kì í fi káún sí i mọ́: bí ewé rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí a sì fi ìjábẹ̀ já a dáadáa, yóò fà. Ẹja tútù àti ẹyin ni mo ń jẹ jù, selenium sì wà nínú méjèèjì.

Bàbá Àgbà, Kano:
Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú Hájíà dá ọ dúró. Sọ fún un pé dókítà ló ní kí o ṣíwọ́, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó máa se kunun gyada, tí wọ́n ń fi ẹ̀pà sè, láìfi kanwa sí i. Inú rẹ̀ yóò dùn pé òun ṣì ń tọ́jú rẹ.

Ìyá Ìkókó, Zaria:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ti dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 150/100, wọ́n ti fún mi ní oògùn tí yóò mú kí n tọ omi tó pọ̀ jáde, ọ̀la ni wọn yóò sì ṣe echo. Hájíà ló gbé ọmọ dání níta.