Àpótí irin fún pánẹ́ẹ̀lì ìdarí tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣeé ká wọlé

Ìbéèrè, láti Kàdúná:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ya àwòrán àpótí páànù irin fún pánẹ́ẹ̀lì ìdarí ẹ̀rọ ìlọgbàdo kan, mo sì fẹ́ kí pèpéle kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ṣí wálẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ lò ó, kí ó sì padà dí ẹnu àpótí náà nígbà tí a bá ṣe tán. Báwo ni eruku ọyẹ́ kò ṣe ní í wọlé, tí pèpéle náà kò sì ní í tẹ̀?

Ìdáhùn, láti Àbújá:
Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Páànù tí ó nípọn ní mílímítà 1.5 tó fún ara àpótí, ṣùgbọ́n ẹ lo mílímítà 2 fún pèpéle, kí ẹ sì tẹ etí rẹ̀ sísàlẹ̀, nítorí etí títẹ̀ yẹn ló ń fún páànù lágbára jù. Ẹ má lu ihò sí ìtòsí ibi tí ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́, torí ihò náà yóò lọ́. Ní ti eruku, ẹ fi rọ́bà kan tí kò já láàárín yí ẹnu àpótí ká; nínú ìwọ̀n IP, tí a fi ń mọ bí àpótí ṣe ń dènà eruku àti omi tó, IP54 ṣì gba eruku díẹ̀ láàyè, IP65 ni kò gbà á rárá.

Ìdáhùn, láti Kánò:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má gbàgbé wáyà. Ẹ jẹ́ kí ó dẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hínjì, kí ẹ fi rọ́bà bo etí ihò tí ó gbà kọjá kí irin má baà gé e, kí ẹ sì so wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) mọ́ pèpéle náà, nítorí hínjì tí a ti kùn lọ́dà kò ṣeé gbọ́kàn lé láti gbé iná náà kọjá.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. N ó fi wáyà ẹ́ẹ̀tì sí àwòrán náà kí n tó gbé e lọ fún wẹ́dà.