Ẹ̀wà tó ń dúró gbagidi lẹ́nu àrọ

Ìyá Ẹlẹ́wà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀wà ni mo ń tà, inú kẹ́ẹ̀gì ni mo sì máa ń kó o pamọ́ sí nítorí kòkòrò. Bí mo bá ń fi àrọ rọ ọ́, ó máa ń ṣàdéédé dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí hóró kan nínú rẹ̀ tó tó ihò àrọ náà. Bí mo bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ńṣe ló ń le sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìka kan àrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ á ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló ń so hóró gbígbẹ pọ̀ tó fi ń le bí igi?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Ẹ kú ọjà, ìyá. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ńṣe ni wọ́n dínà mọ́ ara wọn. Hóró mélòó kan á fi èjìká ti èjìká, wọ́n á tẹ̀ bí ọrun sórí ihò náà, ẹrù tó wà lórí wọn á sì túbọ̀ máa fún wọn mọ́ra, ìdí nìyẹn tí títẹ̀ láti òkè kò fi ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá kan àrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tó kí ẹyọ kan yẹ̀ kí gbogbo wọn tú. Ẹgbẹ́ àrọ pẹ̀lú ń bá wọn ru ẹrù: ní 1895, H. A. Janssen, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Jámánì, ṣàlàyé pé bí ọkà ṣe ń ga sí i nínú àká gíga, ó máa ń dé ibi tí ìwúwo tó ń tẹ ìdí àká kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, nítorí pé ògiri ti gba ìyókù.

Bíríkìlà Ọ̀yọ́:
Àlàyé olùkọ́ tọ̀nà fún ẹnu àrọ, àmọ́ kò tíì kan ẹ̀wà inú kóńgò, tí kò ní ihò nísàlẹ̀. Ìyá, ẹ bu ẹ̀wà sí kóńgò láìgbọ̀n ọ́n, ìka yín á wọlé. Ẹ gbọ̀n ọ́n, á lọ sílẹ̀ (oníbàárà tó gbọ́n mọ èyí), ìka kò sì ní wọlé bọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí hóró bá ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó lè yí láìgun orí ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ní láti wú díẹ̀ kó tó lè ṣàn. Osborne Reynolds, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ èyí sílẹ̀ láti 1885. Ohun tó mú kí a máa gún yanrìn ìpìlẹ̀ nìyẹn kí a tó da kọnkéré lé e. Bọ́ọ̀lù kéékèèké tó dọ́gba, tí a dà pọ̀ ṣákálá tí a sì gbọ̀n dáadáa, kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 àyè lọ. Afẹ́fẹ́ ni ìyókù, síbẹ̀ ó le.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fi ìrẹsì àti ìgò dán an wò. Mo kọ́kọ́ ti ìdí ọmọrogùn bọ̀ ọ́ láìgbọ̀n ọ́n, ó yọ wẹ́rẹ́. Mo gbọ̀n ọ́n, mo rọ ìrẹsì kún un, mo fi ọmọrogùn gún un títí, mo wá fà á sókè: ìgò náà tẹ̀ lé e.