Àbọ̀ lórí síìtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkọ̀ akẹ́rù wa tí mo bèèrè ìmọ̀ràn lórí rẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí ó máa ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, tí ó sì máa ń dún gbì bí awakọ̀ bá ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Rọ́bà síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ìjókòó onírọ́bà àti irin tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé nínú ọkọ̀, ni ó ti jẹ. Epo ẹ́ńjìnnì tí ń jò ni ó ń kán sí i lára, epo a sì máa mú rọ́bà rọ̀ títí yóò fi bó kúrò lára irin tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ dí ibi tí epo ń gbà jò.

Ó fi pákó tí ó nípọn lé orí jáàkì, kí ìwúwo ẹ́ńjìnnì má baà tẹ abọ́ epo ìsàlẹ̀ wọnú, ó sì ń wo fáànù àti ọ́ọ̀sì omi bí ó ti ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo síìtì ni a pààrọ̀ pọ̀, nítorí èyí tí ó ti gbó yóò di ẹrù ru tuntun. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé kò fún nọ́ọ̀tì kankan pa títí ẹ́ńjìnnì fi jókòó tán. Bí a bá fún un pa nígbà tí jáàkì ṣì gbé e, rọ́bà yóò lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Gbígbọ̀n náà ti dẹwọ́ gan-an, ọ̀pá jíà sì dúró jẹ́ẹ́. A tún fi iná jó páìpù èéfín tí ó ti sán pọ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀, pàápàá ẹni tí ó ní kí a wo síìtì kí a tó tú gíábọ́ọ̀sì.