Agolo tábà tó ti gbẹ: ohun tí ojú wa rí

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó da ẹrù àwọn àgbà yín sí àkìtàn, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Leeds níbí ni bàbá mi ti kàwé láàárín 1961 sí 1965, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìkòkò mu tábà. Wọ́n padà sí Ìbàdàn, wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi, ìkòkò kò kúrò lẹ́nu wọn títí dókítà fi ní kí wọ́n jáwọ́ pátápátá. Lẹ́yìn tí wọ́n papòdà, èmi àti àbúrò mi ṣí àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Agolo mẹ́ta la bá níbẹ̀: Capstan, Three Nuns, àti My Mixture 965 ti Dunhill. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti ṣí láti ìgbà pípẹ́. Tábà inú wọn ti gan bí ewé inú ọyẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á rún sí ọ lọ́wọ́. Dunhill nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Àbúrò mi gbọ́ níbì kan pé omi ni wọ́n fi ń jí tábà tó bá gbẹ. Ó bu omi ẹ̀rọ wọ́n Capstan, ó dé e padà. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, ó ti bu, ó funfun, ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. A dà á nù. Ó dùn mí gan-an, n kò sì bá a jà, nítorí èmi náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn.

Mo kó méjì tó kù dání wá sí England, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó ti pẹ́ nídìí títa ìkòkò àti tábà. Wọn kò tiẹ̀ béèrè irú tábà tó wà nínú wọn. Dunhill ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ń fi èékánná tọ etí ìdérí rẹ̀ yípo, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ibi tó ti dógùn-ún ni àwọn ń wá. Bí ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ bá ti wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láti ọdún wọ̀nyí, tábà inú rẹ̀ á ti gbẹ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ṣí i rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá orúkọ Murray lára rẹ̀. Ní 1981 ni wọ́n gbé iṣẹ́ pípo tábà Dunhill lọ sí ilé iṣẹ́ tábà Murray ní Belfast. Agolo tí kò bá ní orúkọ yẹn ṣáájú ìgbà náà, òun sì ni àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá kiri. Ní 2018, Dunhill dáwọ́ tábà ìkòkò dúró, ni ti àtijọ́ bá tún gbówó lórí sí i.

Mo wá gbé Three Nuns síwájú wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀tọ̀ ni owó tó ń pa lọ́jà, ọ̀tọ̀ ni adùn rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó ń ra tábà àtijọ́, dídì tó dì ni owó rẹ̀ ń lọ sí. Bó bá ti ṣí, tó gbẹ, kò kù ju owó páànù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò bàjẹ́. Wọ́n mú ẹyọ kan jáde, ó rí rogodo bíi kọ́bọ̀, wọ́n ká ewé rẹ̀ yípo kí wọ́n tó gé e, àárín rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n ní dúdú yẹn ni Perique, tábà Louisiana tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ inú àgbá títí á fi kan, pé Three Nuns tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò ní in mọ́.

Ta ló ti jí irú èyí rí láìjẹ́ kó bu?

Ìyá Ìbejì, Kansas City

Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá, sà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan tí mo tọ́jú kó tábà sínú ìgo onídèérí, wọ́n lẹ ọdún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlú wa níbí ni ilé iṣẹ́ McClelland wà kí wọ́n tó kógbá sílé ní 2018, bàbá náà sì fẹ́ràn tábà wọn púpọ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, èmi ni mò ń bá wọn ṣe é.

Ẹ tú tábà sínú abọ́ fífẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi distilled tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi bo ẹnu abọ́. Aṣọ kò gbọdọ̀ kan tábà o! Ẹ máa rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó rọra wú padà, tí kò lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó tó, ẹ kó o sínú ìgo. Àwọn kan máa ń ju ègé ápù tàbí ànàmọ́ sí i, bàbá kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, torí bíbu ló ń fà.

Lẹ́yìn tí wọ́n kú, àwọn ọmọ wọn rí funfun lára irú tábà kan tí wọ́n ń pè ní Virginia, wọ́n fẹ́ dà á nù. Mo gbé ìgo náà sábẹ́ iná: ó ń dán wínníwínní bíi ṣúgà. Èyí tó bá bu máa ń ní irun bí òwú, ó sì ń rùn. Èyí tó ń dán, ọjọ́ orí rẹ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi sílẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Bàbá mi gbin tábà fún NTC, ilé iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company, lápá Ìsẹ́yìn. Nígbà tí a bá fi iná gbẹ ewé tán nínú ilé tí a so ó sí, ó máa ń rí bíi gíláàsì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án ti ba owó jẹ́. Ṣe ni a máa ń ṣílẹ̀kùn lóru kí atẹ́gùn onírì wọlé. Tó bá fi di ìdájí, ewé ti rọ̀ bí aṣọ, a ó wá máa dì í. Nígbà ọyẹ́, a lè dúró títí. N kò rí ẹni tó bu omi lé e rí. Bí mo ṣe ka ti Capstan yẹn, àyà mi já.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Leeds

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun, ọmọ Òkè-Ògùn. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ní ọjọ́ kejì ni Three Nuns rọ̀, òórùn rẹ̀ sì jáde, bí èso tó pọ́n kọjá tí ata díẹ̀ wà nínú rẹ̀. N kì í mu tábà, ṣùgbọ́n mo mọ òórùn yẹn láti ara kóòtù bàbá mi.

Dunhill kò dógùn-ún níbì kankan, kò sì ní orúkọ Murray. Màmá ló wá jẹ́ kí n mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n, ni wọ́n bá gbé agolo abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì wọn jáde, 965 bíi tiwa gẹ́lẹ́. Bébà iye owó ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ṣílè àti pẹ́ńsì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oṣù kejì 1971 sì ni England pa ṣílè tì. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó máa ra agolo òfìfo yẹn pàápàá wà.

Wọ́n ní, “Kí n wá kó abẹ́rẹ́ mi síbo?”