Bí a ṣe ń dá sí yíya ààlà ẹkùn ìdìbò níbi tí a ń gbé

Ọmọ Ìlọrin, Manchester: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àjò. Ìwé kan dé ẹnu ọ̀nà mi pé wọ́n fẹ́ tún ààlà wọ́ọ̀dù wa yà, kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Físà iṣẹ́ ni mo fi wà níbí. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kàn mí, àbí ti onílùú ni?

Ọmọ Ọ̀fà, London: Àbúrò mi, ó kàn ọ́ gan-an. Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni wá, ẹni tó bá sì ní àṣẹ ìgbélùú níbí lè forúkọ sílẹ̀ kí ó dìbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fiyè sí ni pé iye orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ni wọ́n fi ń ya ààlà, kì í ṣe iye èèyàn tó ń gbé inú ilé. Ẹkùn aṣòfin tí a fi dìbò ní 2024, ìwé olùdìbò oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n fi pín in, òfin sì ní kí olùdìbò ẹkùn kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ibi mélòó kan bí àwọn erékùṣù kan, má dín ní 69,724, kí ó má sì ju 77,062 lọ. Ilé tí àgbàlagbà mẹ́fà ń gbé, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló forúkọ sílẹ̀, ẹnì kan náà ni wọ́n kà níbẹ̀.

Ní ti wọ́ọ̀dù, àjọ tó ń rí sí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ní England ń wo ohun mẹ́ta: kí iye olùdìbò tí káńsílọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n má ya àwọn tí ìgbé ayé wọn so pọ̀ sọ́tọ̀, kí iṣẹ́ ìjọba sì rọrùn. Nítorí náà, má kọ̀wé pé o kò fẹ́ lásán. Wọn kì í ka lẹ́tà bí ẹní ka ìbò. Nígbà tí wọ́n gbé àbá ti àdúgbò wa jáde, ìlà náà gba àárín òpópónà kan, tó fi jẹ́ pé ilé ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí wọ́ọ̀dù kan, ti òsì bọ́ sí òmíràn. Àwa ará mọ́ṣáláṣí kọ̀wé, ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́ṣáláṣí. A dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ òpópónà náà ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, àti ojú irin tó jẹ́ pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo la fi ń sọdá rẹ̀. A ya ìlà tiwa sórí máàpù, a sì ṣírò iye olùdìbò tí yóò ṣí kúrò, torí ẹni tó ní kí wọ́n gbé ààlà kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ojú irin yẹn ni wọ́n padà fi ṣe ààlà.

Gbogbo èsì ni wọ́n máa ń gbé síta, ti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú. Kà á dáadáa: kò sí ẹgbẹ́ tó máa kọ ọ́ pé ìlà yìí ni yóò jẹ́ kí àwọn wọlé, odò àti ọ̀nà ni wọn yóò máa sọ.

Ọmọ Òmù-Àrán, Detroit: Níbí ní ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tí ètò ìkànìyàn bá kà ni wọ́n fi ń pín ẹkùn, tọmọdé tàgbà. Láti ìgbà tí aráàlú ti dìbò yí òfin Michigan padà ní 2018, aráàlú 13 ló ń ya máàpù: Democrat 4, Republican 4, àti 5 tí kò sí nínú èyíkéyìí. Gbangba ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ṣe ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ pẹ̀lú agbẹjọ́rò wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 2021 pé kí wọ́n gbé ohùn ìpàdé náà síta. Ará Detroit ti takò máàpù wọn ní àpérò, wọn kò gbọ́. Ní 2023, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fagi lé ẹkùn 13 níbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin, Manchester: Ẹ ṣeun gan-an. Ilé wa ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀fà, London: Abala 73 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àtúnyẹ̀wò ẹkùn aṣòfin sí ọwọ́ INEC, ó kéré tán ọdún 10 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ilé aṣòfin àgbà àti kékeré gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyípadà náà. Gúúsù Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ méje àti ẹkùn aṣojú-ṣòfin méjì péré: Ọ̀fà, Ọ̀yun àti Ìfẹ́lódùn wà pọ̀, mẹ́rin yòókù wà pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí ìyẹn, kí ó kó iye èèyàn tó ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ ná. Àbúrò, fi máàpù tìrẹ ránṣẹ́ síbí, kí a bá ọ wò ó kí ọjọ́ gbèdéke tó pé.